Ọdún tí Ìbọn Kún Pálọ̀ Wa

Ní ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi, fọ́tò ìgbéyàwó tàbí àwòrán Kaaba ló máa ń wà lára ògiri pálọ̀. Ìbọn ló wà lára tiwa. Mo ti dàgbà báyìí, mo ní ilé tèmi ní Sharjah, n kò sì kọ́ nǹkankan sára ògiri, àmọ́ bí mo bá dijú, pálọ̀ wa ní Al Baraha, ní Dubai, náà ni mo máa ń rí: àga gígùn tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń sùn lé lórí, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó pín yàrá náà sí méjì, AC tó ń kùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, àti lókè orí gbogbo rẹ̀, ìbọn gígùn mẹ́ta tí ẹnu wọn kọjú sí ilé ìdáná bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀tá máa gbà wọlé. Lábẹ́ wọn, ìwo ẹran kan wà tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí láyé àtijọ́, ìbọn ìléwọ́ kan tí kò ní ìdí mọ́, àti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù mọ́lẹ̀. Mo ti mọ orúkọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí kí n tó mọ ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ wa níléèwé.

Màmá mi ló kó wọn jọ. Mo ní láti tètè sọ ọ́, torí pé gbogbo ẹni tó bá wọlé wa lọ́dún náà, bàbá mi ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á wo ìbọn, wọ́n á wo bàbá mi, wọ́n á ní, "Alfa, ìgbà wo lẹ di ọdẹ?" Bàbá mi á sì na ọwọ́ sí ilé ìdáná, bí ẹni tó ń júwe ilé ẹni tó jẹ̀bi. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù kan nítòsí èbúté, irú ẹni tó máa ń ti ilẹ̀kùn tán tí á tún padà lọ fà á wò. Kò fẹ́ràn ariwo rárá. Bí ìkòkò tí màmá mi fi ń se ẹran bá ń súfèé, yóò kúrò nínú pálọ̀ lọ dúró sí bákónì títí ẹran á fi jinná. Bí fèrèsé bá gbá gbàù, yóò kọ́kọ́ sọ "Innalillahi" kó tó wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fi fún ọmọ ọdẹ Ṣakí, mo sì rò pé Ọlọ́run ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ṣe é.

Màmá mi ń ra aṣọ àti bàtà ní ọjà Naif, ó ń kó wọn ránṣẹ́ sí Èkó. Bí iléèwé bá ti padé, èmi náà a máa bá a lọ. Àwọn ọmọ Índíà àti Pakísítáànì tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n débi pé bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á ti gbé àga síta, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iye ọjà máa pẹ́. Láti Naif, a máa ń gba Al Ras kọjá lọ sí etí omi, níbi tí àpò ata ilẹ̀ àti òroǹbó gbígbẹ ti kún ojú ọ̀nà tí àwọn aláàárù ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn tí wọ́n ń pariwo "yalla, yalla" sí ẹni tí kò bá yà. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sàlímù wà. Àgbàlagbà Lárúbáwá kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó máa ń wọ sálúbàtà tó dà bíi pé ó dàgbà jù ú lọ. Nǹkan àtijọ́ ló ń tà: ìkòkò kọfí onídẹ, àpótí onígi, àti ìbọn tí àwọn baba ńlá wọn ń lò lórí òkè àti nínú aṣálẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀tù dúdú yìn. Gbogbo èyí tó wà fún títà ni wọ́n ti yọ́ òjé dí lẹ́nu, kí ó má baà lè ṣe ju kéèyàn máa wò ó lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, màmá mi ń kọjá lọ ni o. Ó kàn yí ojú padà, ó rí ọ̀kan tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ló bá dúró gbọin. Aláàárù tó ń ti ẹrù wa ti lọ jìnnà kó tó mọ̀ pé òun nìkan ló ń lọ. Màmá mi fọwọ́ kan igi ìbọn náà, ó fọwọ́ kan irin rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná. Bàbá Sàlímù jáde síta. Èdè tí gbogbo wa ń sọ ní Deira, apá ìlú tí à ń gbé, ló sọ, Lárúbáwá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Híńdì díẹ̀, ọwọ́ ló sì ń parí èyí tó kù. Ó bi í pé, "Madam, ní ìlú yín, ṣé obìnrin máa ń yìnbọn?"

Màmá mi ní, "Ní ilé wa, ẹni tí bàbá rẹ̀ bá gbé ìbọn fún ló ń yìn ín."

"Bàbá tìẹ ńkọ́?"

"Èmi ló gbé e fún. Àwọn ọmọkùnrin ń sá."

Bàbá Sàlímù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. A pẹ́ níbẹ̀ débi pé aláàárù padà wá wá wa, òun náà sì mu tíì. Nígbà tí a ó fi délé, ìbọn àkọ́kọ́ wà nínú báàgì aṣọ àwọn ọmọdé, ìdí rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ ẹran Iléyá.

Bàbá mi wò ó, ó wo màmá mi, ó jókòó. Ó ní, "Ìyá Sìdí, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Alfa, ẹ ò ṣe nǹkankan. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, wọ́n ti dí i. Kò lè pa eéṣú."

"Ọlọ́pàá tó bá rí i láti ojú fèrèsé kò mọ̀ pé wọ́n ti dí i."

"Ilé wa ga. Àfi tí ọlọ́pàá bá ń fò."

Bàbá mi kò jókòó nínú pálọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó háyà ìdajì pálọ̀ lọ́wọ́ wa ni kò ní ibòmíì tó lè lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, síkọ́ríìtì ni ní ilé ìtajà ńlá kan, ó ga, ó sì lágbára, àmọ́ ó máa ń gbé ìrọ̀rí lé orí kó tó sùn nítorí ìbọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, from morning till evening mo ń wo inú báàgì àwọn èèyàn bóyá wọ́n gbé weapon. Mo délé, mo wá ń sùn sábẹ́ weapon. Ṣé wọ́n fi mí bú ni?" Màmá mi á fún un ní ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán títí di ìgbà tí ìbọn mìíràn bá tún wọlé.

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa fi epo nù wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, a ó ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì tán, màmá mi á tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, a ó sọ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́ mi pé a kì í fi omi tútù kan irin, pé a kì í fi ìka ẹlẹ́gbin kan ibi tí òkúta ti ń gbá irin tí iná fi ń ṣẹ́, pé a kì í kọ ẹnu ìbọn sí èèyàn kódà bí ẹnu náà bá ti dí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò jẹ́ kó yé mi ìdí tó fi jẹ́ pé ilé ìdáná ni gbogbo wọn kọjú sí. Mo bi í. Ó ní ilé ìdáná kì í ṣe èèyàn. Bí mo ti ń nu irin, ó máa ń tẹ fóònù, ohùn bàbá rẹ̀ á sì jáde.

Bàbá Ọlọ́dẹ ni gbogbo wa ń pè é. N kò tíì fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n mo mọ agboolé rẹ̀ ju ilé ìwé mi lọ, nítorí bó bá ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù ránṣẹ́ sí wa, gbogbo ohun tó wà láyìíká ló máa ń bá a wọlé: adìyẹ, ẹni tó ń gbálẹ̀, ewúrẹ́ tó ń bá a jiyàn, ọmọdé kan tí wọ́n ń lé lọ fọ abọ́. Màmá mi á ya fọ́tò ìbọn ránṣẹ́ sí i, yóò sì fèsì. Ti ìbọn kejì, èyí tí wọ́n fi fàdákà wé ọrùn rẹ̀, ó ní, "Rìsí, ìyàwó lo rà yìí, kì í ṣe ìbọn. Ta ló máa gbé èyí wọ igbó? Ẹran á kọ́kọ́ rí i ní dídán, á sá, á lọ sọ fún àwọn yòókù." Ti ẹ̀kẹta, ewúrẹ́ kọ́kọ́ ké, ó wá ní, "Èyí dára. Gbé e sún mọ́ ojú kámẹ́rà kí n rí ihò iná rẹ̀." Màmá mi á gbé fóònù mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Ìgbà kan wà tó sọ fún un pé wàrà Ṣakí lòun ń jẹ. Lọ́sẹ̀ yẹn, màmá mi ra mílíìkì ràkúnmí ní ọjà, ó fi òroǹbó se é láti fi ṣe wàrà. Kò dì. Ó sè é, ó dúró tì í, ó bẹ̀ ẹ́, kò dì. Bàbá mi rọra mu ún bí omi, ó ní ó dùn. Títí di òní n kò mọ bóyá òótọ́ ló sọ.

Mo ti wá mọ̀ báyìí, lẹ́yìn tí èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn òbí mi lórí fóònù ju bí mo ṣe ń rí wọn lọ, pé ìbọn kọ́ ni màmá mi ń kó jọ. Ohun tó máa fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ń wá. Ọ̀rọ̀ aṣọ àti bàtà kò lè gùn láàárín wọn, bó bá ti ní "Báwo ni ọjà?" tí òun sì fèsì pé "Ọjà ń lọ," ó tán. Ṣùgbọ́n tí ìbọn bá wà láàárín, wọ́n lè sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì á fi jóná.

Òwúrọ̀ iléèwé kan ni ìròyìn náà dé. Mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Bùráímọ̀ àbúrò màmá mi ló pè láti Ṣakí, kò sì fi ohùn ránṣẹ́, ó pè gan-an, èyí ló jẹ́ kí bàbá mi tètè dìde. Màmá mi gbọ́ ọ títí, ó ní "Hẹ̀n-ẹ́n," ó tún ní "Hẹ̀n-ẹ́n," ó gbé fóònù fún bàbá mi, ó sì padà lọ di irun mi tó ń dì lọ́wọ́. Ó dì í parí. Nígbà tí ó dì í tán ló tó jókòó sílẹ̀.

Kò lè lọ. Visa wa ti fẹ́ parí, wọ́n ń tún un ṣe, páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa ṣe é. Ẹni tí bàbá mi sáré lọ bá ní kò sí ohun tí òun lè ṣe lọ́jọ́ yẹn, khalas, ó parí. Wọ́n sin Bàbá Ọlọ́dẹ kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. Àwọn èèyàn Deira wá kí wa, pálọ̀ kún, wọ́n jókòó sábẹ́ ìbọn, wọ́n ṣe àdúrà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ gba ilé ìdáná, ó ń se oúnjẹ tí ata pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo olùbánikẹ́dùn fi ń sunkún dáadáa. Màmá mi nìkan ni kò sunkún. Kò sì sùn. Bí mo bá jí lọ tọ̀, mo máa ń bá a lórí àga tó ń tẹ fóònù, ohùn Bàbá Ọlọ́dẹ á máa sọ jẹ́jẹ́ nípa ihò iná àti fàdákà, ewúrẹ́ á sì máa ké.

Nígbà náà ni Bùráímọ̀ tún pè. Ó ní àwọn ọdẹ ti ń kóra jọ sí fídáù, wọ́n máa yìnbọn fún un. Ní ilé wọn, àkọ́bí ni í kọ́kọ́ yìn kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní tí ẹ ò bá lè yìn ín, àwọn á gbé e fún Bàbá Láyíwọlá."

Bàbá Láyíwọlá yìí, ọmọ bàbá kan náà ni òun àti Bàbá Ọlọ́dẹ, wọn kò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí màmá mi wà lọ́mọdé, nítorí ẹran kan tí àwọn méjèèjì ní àwọn ló pa. Màmá mi gbọ́ orúkọ náà, ó dìde dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ ṣí lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí. Èmi ni máa yìn ín."

"Láti Dubai?"

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé láti Ṣakí ni?"

A lọ bá Bàbá Sàlímù ní ọjọ́ kejì. Ó ti gbọ́, ó bá a kẹ́dùn, kò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kó tó máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun àti àwọn àgbàlagbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbọn tí wọ́n ṣe lóde òní bí ti àtijọ́, tí ẹnu rẹ̀ ṣí, tí wọ́n sì ní àṣẹ rẹ̀. Pápá ìyìnbọn kan wà ní ìgbèríko Sharjah, lójú ọ̀nà Dhaid, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ẹ̀tù ṣeré tí ìrọ̀lẹ́ bá tutù. Ó ní òun máa bá àwọn aláṣẹ pápá náà sọ̀rọ̀. Bàbá mi tó tẹ̀ lé wa wá ní òun náà máa wà níbẹ̀ tí ó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. "A ò ní yin nǹkankan láìgbàṣẹ," ó ní. "Láti orí ìbọn ni wọ́n á ti kó wa wọ bàlúù, wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ ká palẹ̀ ẹrù mọ́." Bàbá Sàlímù sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó ní bàbá mi bi ọ̀gá ibẹ̀ bóyá obìnrin lè yìn ín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, tí òṣìṣẹ́ pápá bá dúró tì í. Ó bi wọ́n bóyá ọta máa wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní rárá, ẹ̀tù lásán ni. Ó bi wọ́n bóyá ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró nítòsí. Wọ́n ní kò pọn dandan. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún èyí sọ.

Lọ́jọ́ fídáù, a wọ mọ́tò bàbá mi, gbogbo wa, àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó gba ààyè níbi iṣẹ́ torí ó ní òun kò lè máa sùn sábẹ́ ìbọn lọ́dún gbáko kí òun má wá gbọ́ ọ̀kan kó dún. A kọjá ilé gígagíga Sharjah, a kọjá oko dàbínù, iyanrìn wá di pupa. Bàbá Sàlímù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n ti gbé kọfí àti dàbínù kalẹ̀. Gbogbo wọn dìde kí màmá mi, wọ́n ṣe àdúrà fún òkú. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní kó gbé ìdí ìbọn lé èjìká. Èkejì ní ìbàdí ni ẹni tó bá ń yìn ín fún ayẹyẹ máa ń gbé e sí. Ẹ̀kẹta ní àwọn méjèèjì kò mọ nǹkankan, pé bàbá ti òun máa ń jù ú sókè ni tó bá yìn ín tán, á sì hán an. Wọ́n jiyàn títí kọfí fi tutù. Màmá mi kò dá sí i. Ó gba ẹ̀tù tí òṣìṣẹ́ pápá wọ̀n fún un, ó dà á sí ẹnu ìbọn, ó ki èkísà tẹ̀ lé e, ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, ó da díẹ̀ sí ibi ihò iná, níbi tí iná ń gbà wọ inú, ó sì gbé e sí ìhà ọ̀tún rẹ̀ bí ìyá ti ń gbé ọmọ. Àwọn àgbàlagbà náà sún sẹ́yìn fún un.

Bàbá mi ni wọ́n gbé fóònù fún. Bùráímọ̀ wà lórí rẹ̀, a sì ń gbọ́ ohùn èèyàn púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ pápá ti pín ohun tí a ó fi dí etí, àmọ́ bàbá mi ní láti yọ ọ̀kan kó lè gbọ́ fóònù, èmi náà sì yọ ọ̀kan. Mo wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń lọ gba abẹ́rẹ́ ló jọ.

Màmá mi kọ ẹnu ìbọn sí òkè, síbi tí àwọn òkè pupa wà. Ó sọ nǹkankan tí a kò gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Òkúta gbá irin, iná ṣẹ́, èéfín díẹ̀ ṣe fúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ìbọn kò dún.

Òṣìṣẹ́ pápá na ọwọ́ pé kó má gbé e kalẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ ṣì wà lókè. Láti inú fóònù, Bùráímọ̀ ní, "Ṣé ó ti dún?"

Bàbá mi ní, "Kò tíì dún."

A gbọ́ tí ẹnìkan já fóònù gbà lọ́wọ́ Bùráímọ̀. Ohùn àgbàlagbà kan, ohùn tó gbẹ, ní, "Sọ fún Rìsí pé ihò iná ló dí. Kó fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ gún un. Kó má kánjú. A wà níbí."

Bàbá mi sún mọ́ màmá mi, ó sọ ọ́ fún un. Màmá mi bi í pé, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Bàbá mi béèrè. Ó gbọ́ èsì. Ó ní, "Bàbá Láyíwọlá ni."

Mo rò pé ó máa bínú. Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ pápá ti gbà á láyè, ó yọ pín-ìnnì kan láti ara ìborùn rẹ̀, ó gún ihò náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún gún un, ó da ẹ̀tù tuntun sí i. Ìborùn rẹ̀ tú sí èjìká, kò bojú wò ó. Ó gbé ìbọn sókè. Bó ti dún báyìí, mo rò pé ilẹ̀ ló fọ́. Iná pupa gùn jáde, èéfín funfun sì bo màmá mi pátápátá, a kò rí nǹkankan mọ́ àfi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti wà lẹ́yìn mọ́tò, èmi kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Bàbá mi dúró, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nà síwájú, kò jábọ́. Nígbà náà ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. Láti inú fóònù kékeré yẹn, ìbọn àwọn ọdẹ Ṣakí ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lágbára, bíi gúgúrú tó ń bẹ́ nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Wọn kò tètè dáwọ́ dúró. Nígbà tí èéfín fi lọ, màmá mi ti jókòó sórí iyanrìn, ìbọn wà lórí itan rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé ti ń sunkún, láìbojú.

Àwọn àgbàlagbà yẹn yí ojú sí òkè. Bàbá mi gbé fóònù fún mi. Ó lọ bá Bàbá Sàlímù, ó ní kó jọ̀ọ́ kó bá òun bi òṣìṣẹ́ pápá bóyá wọ́n lè ki òmíràn fún òun.

Bùráímọ̀ gbọ́. Ó bi mí pé, "Sìdí, ta ló tún fẹ́ yìn?"

Bàbá mi dá a lóhùn láti ibi tó wà. "Sọ fún wọn pé ọkọ ọmọ ni. Àna mi ló kú."

Ó dijú pa kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣubú sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ ṣubú síwájú, ariwo ẹ̀rín sì sọ láàárín àwọn Lárúbáwá àti nínú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá mi, tí omijé ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Ó rìn lọ bá a, ó gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ó ní, "Alfa, ẹ gbá a mú dáadáa. Ìbọn ni, kì í ṣe ọmọ aráalé."

Nígbà tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó lọ sí Ṣakí, ó sì sọ fún wa pé Bàbá Láyíwọlá ló wá pàdé òun ní gáréèjì, pé ọkùnrin náà ló mú òun lọ síbi sàárè, ó sì sunkún níbẹ̀ ju òun lọ. Ìbọn Bàbá Ọlọ́dẹ, ọwọ́ Bùráímọ̀ ló wà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, a kó kúrò ní Al Baraha lọ sí Sharjah, màmá mi sì dá àwọn ìbọn ara ògiri padà fún Bàbá Sàlímù. Ó ní ògiri tuntun náà kò lágbára tó. Ògiri náà lágbára.

Àmọ́ ìrìn àjò padà lọ́jọ́ náà ni mo máa ń rántí jù. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ti ń wọ̀ lọ níwájú wa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láàárín Sharjah àti Dubai sì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń pọ̀. Òórùn ẹ̀tù kún inú mọ́tò. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń sọ fún ẹnìkan lórí fóònù bí òun ṣe dúró gbọin nígbà tí ìbọn dún. Kí a tó dé àárín ìlú, orí màmá mi ti fara ti fèrèsé, ẹnu rẹ̀ sì ṣí díẹ̀. Ó ti sùn. Kò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Bùráímọ̀ pè. Bàbá mi fi ìka sí ètè, Àǹtí Bọ́sẹ̀ sì pa fóònù. A dé Al Baraha, a yà sí àdúgbò wa, Ọlọ́run sì jẹ́ kí àyè kan ṣófo gẹ́lẹ́ níwájú ilé wa, àyè ìgbọ́kọ̀sí lófìfo ní Deira, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo rí i. Àǹtí Bọ́sẹ̀ rí i, ó nawọ́ sí i. Bàbá mi náà rí i, mo mọ̀ pé ó rí i, torí ó dẹwọ́ mọ́tò. Ó wo màmá mi. Lẹ́yìn náà ó rọra kọjá lọ, ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí, ó yí ọ̀nà po, ó tún yí i po, ó ń wa mọ́tò jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin, títí màmá mi fi jí fúnra rẹ̀ tó sì béèrè ibi tí a wà.